Ojú Kì í Dá Ríran

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ìlú nìkan ni ó ń sọ: pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ọ̀nà tí a kì í gbà, kò sì mọ ilé tí a kì í wọ̀ láìkí onílé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òwe náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó kan ẹyinjú fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni èyí: nígbà tí ènìyàn bá wo ohun kan tí ó sì rí i, ṣé ojú rẹ̀ nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà, tàbí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó bá a ṣe é? Bí ó bá sì jẹ́ pé ìmọ̀ ni ó ń bá ojú ṣiṣẹ́, báwo ni ó ti yẹ kí a lo ẹni tí kò rí ohun tí àwa rí?

N kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìsọ ìtàn ara mi, bí ìtàn náà kò tilẹ̀ bu ọlá fún mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìgbèríko, ní agbègbè Àgbàdo-Èkìtì. Ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Inú abà ni a ti tọ́ ọ, ó sì ti dàgbà díẹ̀ kí ó tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan, mo gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́ sí ara ògiri, mo sì ní kí ó wá fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí odò Ọya àti odò Bénúé ti pàdé ara wọn. Ọmọ náà dúró, ó wò títí. Mo bi í léèrè pé, "Ṣé o kò rí i ni?" Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Tíṣà, ẹ̀ka igi ni mo rí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wá bínú, nítorí mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ó kúnlẹ̀ títí agogo fi lù.

Ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo kó àwọn ọmọ lọ sí oko láti gé ọparun tí a ó fi pa àtíbàbà fún ìkórè ìjọ. Ọ̀nà wa gba àárín oko kòkó kọjá, ewé kòkó gbígbẹ sì bo ilẹ̀ bí ẹní. Èmi ni mo ṣáájú. Lójijì mo gbọ́ ohùn ọmọ yìí lẹ́yìn mi: "Tíṣà, ẹ dúró! Ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀!" Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo sì wo ilẹ̀. Ewé ni mo rí. Ó tọ́ka; mo tún wò; ewé náà ni mo rí. Ó wá mú ọ̀pá gígùn kan, ó nà án, láìjẹ́ kí ó kan ilẹ̀, láti ibi orí dé ibi ìrù, nígbà náà ni ojú mi là. Paramọ́lẹ̀ ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún wa, nítorí ó pa ara mọ́ ilẹ̀ ní tòótọ́. Bí mo ti rí i tán, n kò tún lè ṣe aláìrí i mọ́. Ohun tí ó jẹ́ ewé ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di ejò, kò sì padà di ewé mọ́ lójú mi.

Ọmọ náà wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ kò rí i ni?"

Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Kò rántí, bí mo ti rò, pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i gan-an ni ó sọ sí mi yẹn. Ó kàn yà á lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn ju bí eyín ejò ìbá ti gún mi lẹ́sẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó tàn sí ojú àwa méjèèjì. Ojú mi kò fọ́. Mo ń ka ìwé onílẹ́tà wínníwínní ní ìrọ̀lẹ́ láìlo awò. Kí ni ọmọ yìí wá ní tí èmi kò ní? Ó ní ọdún púpọ̀ lórí ewé kòkó. Èmi náà ní ọdún púpọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Níbi tí ó ti jẹ́ onílé, àlejò ni mo jẹ́. Níbi tí mo ti jẹ́ onílé, mo mú àlejò kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí bí ojú ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ẹyinjú, ó ń ya àwòrán ohun tí a ń wò sí ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Àwòrán náà kéré, ó sì dorí kodò. Ewúrẹ́ tí ó wà nítòsí àti màlúù tí ó wà lókèèrè lè ya àwòrán tí ó bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀. Àwòrán náà kò lè sọ fún wa pé "ewúrẹ́ ni mí" tàbí "màlúù ni mí." Ọpọlọ ni ó ń gba iṣẹ́ náà ṣe, ó ń fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ túmọ̀ ohun tí ojú gbé wá fún un. Iṣẹ́ yìí yára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ pé a ń ṣe é. A rò pé a kàn la ojú, a sì rí.

Àwọn tí a la ojú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́jú fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n lè fi èyí yé wa. Ní ọdún 1688, ọkùnrin kan ní Dublin, William Molyneux, ẹni tí aya rẹ̀ fọ́jú, kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní: bí ẹni tí a bí ní afọ́jú bá ti fi ọwọ́ mọ ohun roboto yàtọ̀ sí ohun onígun mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ sì là lójijì, ṣé yóò lè fi ojú nìkan dá wọn mọ̀ yàtọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n? Ìbéèrè yìí wà nílẹ̀ ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Pawan Sinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àwọn ọmọ márùn-ún, ọlọ́dún 8 sí 17, tí wọ́n fọ́jú láti ìgbà tí a ti bí wọn, tí a sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ní ọdún 2011 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ náà ń ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mú tán, ojú wọn kò lè dá a mọ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ń lo ojú náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 52, tí ojú rẹ̀ là nípa iṣẹ́ abẹ ní ìparí ọdún 1958 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959. Richard Gregory àti Jean Wallace kọ ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1963. Wọ́n mú un lọ wo ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin, nítorí ó fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀, kò rí nǹkan kan tí ó ní ìtumọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Ó pa ojú dé, ó fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀rọ náà wò láti òkè dé ilẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó la ojú, ó sì sọ pé nísinsìnyí tí òun ti fọwọ́ kàn án, òun ti wá rí i. Ọwọ́ ni ó kọ́ ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò ti rántí afọ́jú ará Bẹtisáídà nínú orí kẹjọ ìwé Máàkù. Ojú rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n ènìyàn dà bí igi lójú rẹ̀, igi tí ń rìn. Lẹ́yìn ìfọwọ́kàn kejì ni gbogbo nǹkan tó hàn sí i kedere. Mo ti ka ibẹ̀ fún ìjọ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó kíyèsí pé Olúwa kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà léèrè bóyá ó rí nǹkan kan. Igi ni ó fi dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kíláàsì mi ti fi ẹ̀ka igi dá mi lóhùn. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó kúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wí pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn afọ́jú nìyẹn, àwa tí ojú wa dá ṣáká ńkọ́?" Colin Turnbull, tí ó gbé láàrin àwọn Mbuti nínú igbó Ituri ní ilẹ̀ Kóńgò, ròyìn ní ọdún 1961 pé òun mú ọ̀rẹ́ òun kan, Kenge, jáde kúrò nínú igbó lọ sí pápá gbalasa. Ọkùnrin yìí kò tíì fi ojú kan ibi tí ènìyàn ti lè wo ọ̀nà jíjìn rí, nítorí igi ni ó yí i ká láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó rí agbo ẹfọ̀n lókèèrè réré, ó béèrè irú kòkòrò tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí a sọ fún un pé ẹfọ̀n ni, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé irọ́ ni. Ọmọ Ìkéré kò ní ṣe irú àṣìṣe yìí, kì í ṣe nítorí pé ojú rẹ̀ sàn ju ti Kenge lọ, bí kò ṣe nítorí pé abẹ́ òkè Olósunta ni a bí i sí. Láti kékeré ni ó ti ń wo ohun tí ó wà lórí àpáta gíga, ó sì ti mọ̀ pé ènìyàn tí ó bá gùn ún kò di èèrà nítorí pé ó kéré lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ará igbó nìkan ni ojú ń tàn. Fi igi fa ìlà méjì tí gígùn wọn dọ́gba sí ilẹ̀. Fi apá méjì sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n tẹ̀ padà wọ inú bí orí ọfà. Fi irú rẹ̀ sí ti èkejì, kí wọ́n là síta bí orita. Èkejì yóò dà bí ẹni pé ó gùn jù, bẹ́ẹ̀ wọ́n dọ́gba. Ní ọdún 1966, Segall, Campbell àti Herskovits tẹ ìwé kan jáde lórí bí wọ́n ti fi ìlà bẹ́ẹ̀ dán ènìyàn wò ní ibi púpọ̀ ní ayé. Àwọn ará Evanston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé inú ilé onígun àárín ilé onígun, ni ìlà náà tàn jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tan àwọn ọdẹ San ní gúúsù Áfíríkà rárá. Àwọn olùwádìí náà rò pé ilé tí ènìyàn ń gbé ni ó kọ́ ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ kan náà tí ń ràn wá lọ́wọ́ nílé lè di okùn ìdẹkùn fún wa lójú ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, mo mọ ẹ̀rí kan tí ó wà nínú igi. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkéré láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ìlú Chicago lónìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, ẹyẹ kan wà lórí adé, olorì àgbà sì dúró lẹ́yìn ọba, ó ga jù ọba lọ fíìfíì. Àlejò tí ó bá wo òpó yìí lè sọ pé agbẹ́gi kò mọ ìwọ̀n, tàbí pé obìnrin ni ó ń jọba ní Ìkéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà lágbo ààfin mọ̀ pé kì í ṣe ìgbọ̀nwọ́ ni a fi ń wọn irú ère bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹyẹ orí adé ń wí nípa agbára àwọn ìyá, ó sì mọ̀ pé ọba tí kò ní ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì jókòó. Igi kan náà ni àwọn méjèèjì wò. Ohun tí wọ́n rí kò dọ́gba.

Ilẹ̀kùn ààfin náà lọ sí London, wọ́n sì fi hàn ní àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ọdún 1924. Ilé ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́hùn-ún títí di òní. Ọ̀gágun Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lára rẹ̀, àwọn agbérù gbé e bọ̀. Ògògà sì wà ní apá kejì, ó jókòó. Ẹni tí ó bá wò ó ní Wembley, ní àárín ògo ìjọba tí ó kó ayé jọ sí ojú kan, lè rí dídé aláṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ àṣà ààfin Èkìtì yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó wá, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì yàtọ̀.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ẹ lè rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kò sí òtítọ́, pé ohun tí ó bá wu olúkúlùkù ni ó ń rí. N kò wí bẹ́ẹ̀. Paramọ́lẹ̀ wà nínú ewé yẹn kí n tó rí i, ìbá sì ti bù mí ṣán bí n kò tilẹ̀ rí i láéláé. Ìlà méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi okùn wọ̀n wọ́n. Ìmọ̀ kò dá ohun tí a ń wò. Ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa láti rí i, tàbí kí ó ti í mọ́ wa ni.

Nítorí ìmọ̀ ń ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Nígbà tí mo bá kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà ìjọ, mo lè kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí n má rí ọ̀rọ̀ tí mo fò, nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ ni mo ń kà, kì í ṣe ohun tí mo kọ. Ọmọ kékeré tí kò mọ ohun tí mo fẹ́ wí yóò rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Èyí kì í pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ohun kan náà lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n.

Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984, ọkùnrin kan fi ipá ba ọ̀dọ́bìnrin kan jẹ́. Ọmọbìnrin náà gbọ́n. Ó fi ara balẹ̀ wo ojú ọkùnrin náà kí ó lè dá a mọ̀. Nígbà tí a fi àwòrán àwọn ènìyàn hàn án, ó mú ọ̀kan. Nígbà tí a to àwọn ọkùnrin sí iwájú rẹ̀, ó tún mú ẹni kan náà. A sọ ọkùnrin yẹn sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1987 a tún ẹjọ́ náà gbọ́, a sì mú ẹlòmíràn, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà gan-an, wá sí iwájú obìnrin yìí. Ó ní òun kò rí i rí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀ ti mọ́ lára. Ní ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n kò jẹ̀bi, lẹ́yìn ìgbà tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Obìnrin náà kò purọ́. Ohun tí ó wí ni ohun tí ó rí. Funfun sì ni obìnrin náà, dúdú ni ọkùnrin náà. Láti ọdún 1969 ni àwọn olùwádìí sì ti ń fi hàn pé ó ṣòro fún ènìyàn láti dá ojú àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀ mọ̀.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá pariwo "olè!" ní ọjà wa ní ìrọ̀lẹ́, tí ọwọ́ àwọn ènìyàn sì ti ń wá òkúta. Ẹni tí ó bá wí níbẹ̀ pé "mo fi ojú mi méjèèjì rí i" rò pé òun ti fi èdìdì di ọ̀rọ̀. Kò tíì dì í. Bí ó bá ti fura sí ẹnì kan ṣáájú, ìrìn ẹni náà ti di ìrìn olè lójú rẹ̀, ẹrù tí ó gbé sì ti di ẹrù tí ó jí. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba ẹlẹ́rìí láti sọ pé "òun ni" níbi tí ìbá ti tó láti sọ pé "ó jọ ọ́."

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó bi ọmọ pé "Ṣé o kò rí i ni?" ẹ kọ́kọ́ bi í pé "Kí ni o rí?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń dójú tì í, èkejì ń fi ibi tí ó dúró hàn yín, kí ẹ lè lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ kò bá rí ohun tí olùkọ́ ń fi hàn yín, ẹ má ṣe purọ́ pé ẹ rí i. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án bí ó bá ṣe é fọwọ́ kàn, ẹ sì tún wò ó. Ohun tí ó dà bí ìdọ̀tí lónìí lè ní ìtumọ̀ lọ́la.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọ̀ràn ejò yẹn, mo mú ọmọ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Láti orí rẹ̀ a rí odò kékeré méjì tí wọ́n pàdé ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì di ọ̀kan. Mo ní kí ó fi ẹfun ya ohun tí ó rí sí ara àpáta. Ó yà á. Ó wo ohun tí ó yà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ka igi ọjọ́ yẹn nìyí." Ó tọ̀nà. Ẹ̀ka igi ni odò Ọya àti odò Bénúé jọ ní tòótọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú kíláàsì náà tí ó ti kíyèsí i.

Níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín, mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ti rò pé yóò ṣòro fún mi láti sọ ọ́. Kò ṣòro tó bí mo ti rò.